Pápá Àárín Àdúgbò: Àkọsílẹ̀ Bí Àwọn Olùgbé Ibì Kan ní Akúrẹ́ Ṣe Ń Lo Ilẹ̀ Gbangba Wọn

Ilẹ̀ tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí kò tóbi. Bí a bá fi púlọ́ọ̀tì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ wọ̀n ọ́n, ìyẹn 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 120 ní òró, kò ju púlọ́ọ̀tì mẹ́rin tó jókòó ti ara wọn lọ. Ó wà láàárín àdúgbò kan ní Akúrẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọba-Ilé. Ilé yí i ká ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, gọ́tà ńlá kan sì gba ẹ̀gbẹ́ kẹrin kọjá, tí omi rẹ̀ ń ṣàn lọ títí tó fi ń dé odò Àlà. Nínú àwòrán tí wọ́n fi pín àdúgbò náà, “àyè gbangba” ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò náà. Ohun tí mo kọ síhìn-ín ni ohun tí mo fojú ara mi rí, ohun tí a jọ sọ nípàdé, àti ohun tí mo kọ sínú ìwé pélébé kan nígbà tí mo fi oṣù kan gbáko jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́.

Ìpàdé kan tí ohùn wa kò ti ṣọ̀kan ló gbé mi lọ jókòó níbẹ̀. Àwọn kan ní kí a ta ilẹ̀ náà, kí a fi owó rẹ̀ ra tíráńsífọ́mà. Àwọn kan ní kí a mọ ògiri yí i ká, kí a fi géètì sí i, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe òde níbẹ̀ máa sanwó fún ẹgbẹ́. Àwọn mìíràn ní kí a da kọnkéré sí gbogbo rẹ̀ kí ẹrẹ̀ lè kúrò ńlẹ̀. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ ilé pé ta ni ń lo pápá yìí gan-an, àti pé nígbà wo, kò sí ẹni tó lè dáhùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń pàdé yẹn, inú ọkọ̀ ni a ti ń rí pápá náà bí a bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́.

Kí Akúrẹ́ tó di olú-ìlú ìpínlẹ̀ Ońdó ní 1976, oko ni ọ̀pọ̀ ibi tí ilé kún báyìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, Alágbàka di ibi ìjọba, FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1981, ìlú sì ń jẹ oko lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹbí tó ni ilẹ̀ àdúgbò wa pe awọnlẹ̀, awọnlẹ̀ pín in, ó fa ọ̀nà, ó sì fi àárín sílẹ̀. Wọ́n ta ìyókù tán. Àárín tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn kò ní ẹni tí ń wò ó, nítorí náà ewé Akíntọ́lá bò ó, àwọn ènìyàn ń da ìdọ̀tí sí i lóru, ejò sì ń ti ibẹ̀ wọ ilé. Bẹ́ẹ̀ ló wà fún ọdún púpọ̀. Àfi ìgbà tí ó di 2020, tí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa nítorí àrùn kòrónà, tí àwọn ọ̀dọ́ kò ní ibi tí wọn yóò lọ, ni ọ̀wọ́ àwọn ọmọkùnrin kan gbé àdá àti ọkọ́, tí wọ́n ṣán an láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n fẹ́ gbá. Mo fẹ́ kí àkọsílẹ̀ yìí rántí wọn, nítorí pé bí kò bá sí tiwọn ni, à bá ti ní ilé mẹ́rin sí i, a kò sì ní ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ.

Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ àyè gbangba ṣeré. Ààfin Déjì, ọba Akúrẹ́, tó wà láàárín ìlú, ùà tó wà nínú rẹ̀ lé ní 15. Ùà ni àwọn ará Akúrẹ́ ń pe àgbàlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ohun tí wọ́n ń lò ó fún: ùà ùbúra wà fún ìbúra, ùà ìkómọ wà fún ìkómọjáde. Nínú agbo-ilé lásán náà, àgbàlá kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń gún iyán, tí wọ́n ti ń ta ayò, tí wọ́n ti ń pa àlọ́ fún ọmọdé bí òṣùpá bá yọ. Ẹni tó bá kúrò nínú irú agbo-ilé bẹ́ẹ̀, tó lọ gba yàrá kan ní ìlú tó ń gbòòrò, àgbàlá ni ohun àkọ́kọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní fura títí di ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ní oṣù tí mo fi jókòó níbẹ̀, mo rí i pé pápá kan ṣoṣo yìí ń di oríṣiríṣi nǹkan láàárín ọjọ́ kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn àgbàlagbà ló ni ín. Wọ́n ń rìn yí etí rẹ̀ ká, ẹsẹ̀ wọn sì ti lànà sínú koríko. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni dókítà ti kìlọ̀ fún nípa ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ sọ fún mi pé òun kò lè rin ìrìn náà lójú ọ̀nà, nítorí àwọn ọlọ́kadà kì í wo iwájú. Ó ní nínú pápá ni ọkàn òun ti ń balẹ̀ pé bí òun bá ṣubú, ẹni tí yóò gbé òun dìde kò ní jìnnà.

Bí àwọn ọmọ bá ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tán, àwọn obìnrin a tẹ́ tapólì sórí koríko, wọn a sá nǹkan. Èlùbọ́ ni nígbà mìíràn, ẹ̀gẹ́ ni nígbà mìíràn, àgbàdo tàbí ata ni nígbà mìíràn. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí wọ inú ọyẹ́, ẹ óò rí kòkó, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìdílé tó wà ládùúgbò ṣì ní oko ní abúlé. Èyí yà mí lẹ́nu gidigidi. Nínú gbogbo ìpàdé tí mo ti kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ nǹkan sísá rí, bẹ́ẹ̀ ó wà lára ohun tó ń bọ́ àwọn ilé kan. Ẹni tó ní kí a da kọnkéré kò mọ̀, ẹni tó ní kí a ta á kò sì mọ̀.

Lọ́sàn-án, oòrùn a lé gbogbo ènìyàn sábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní igun kan. Àwọn ọlọ́kadà ń sinmi níbẹ̀, àwọn bàbá àgbà ń ta ayò tàbí dírááfù, ìyá kan a sì máa ta ẹ̀pà sísè. Láàárín wákàtí yìí náà ni àwọn tí ń kọ́ ọkọ̀ wíwà ń wá yípo. Bí aago mẹ́rin bá lù, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ a dé, aago márùn-ún sì ni ti bọ́ọ̀lù. Pápá bọ́ọ̀lù gidi kò gbọdọ̀ dín ní mítà 90 ní gígùn, gígùn tiwa kò sì dé 75, nítorí náà mọ́ńkì póòsì ni wọ́n ń gbá: òkúta méjì ní ìhín, òkúta méjì ní ọ̀hún, ẹni márùn-ún ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí ojú bá ti ṣú, tí wọn kò rí bọ́ọ̀lù mọ́, pápá a dá wáí. Obìnrin kankan kì í gba ibẹ̀ kọjá mọ́, kódà bí yóò bá tilẹ̀ yí gbogbo òpópónà po.

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn tí ń wá síbẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ojú mi kò tó tẹ́lẹ̀. Àwa onílé ní ọgbà. Ògiri wa ga, géètì wa ń tì, àwọn ọmọ wa sì lè gun kẹ̀kẹ́ láti ẹ̀yìn ilé dé iwájú. Àwọn ayálégbé tí ń gbé yàrá kan tàbí méjì nínú ilé tí ilẹ̀kùn ti ń kọjú sí ilẹ̀kùn kò ní irú rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ní, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ wà. Ọmọ wọn ló pọ̀ jù nínú pápá. Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ onílé ni ẹgbẹ́ wa ń jẹ́ nígbà náà, ayálégbé kò sì ní ohùn níbẹ̀. Àwọn tí kò nílò pápá ló ń dìbò lórí bóyá kí a tà á.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tún yàtọ̀. Láàárín aago mẹ́rin sí márùn-ún, wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣe tẹ́ń-tẹ́ń, wọ́n ń fi ẹfun la sùwẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n a fà sẹ́yìn dé etí gọ́tà, kò pẹ́ wọ́n a lọ sílé. Ẹnikẹ́ni kò lé wọn. Bọ́ọ̀lù tó ń fò ló ń lé wọn, àti iṣẹ́ ilé tó ń dúró dè wọ́n. Àjọ ìlera àgbáyé tún sọ pé ọmọ ọdún márùn-ún sí 17 nílò eré ìdárayá fún ó kéré tán 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́, kò sì yọ ọmọbìnrin sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń lo kẹ̀kẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara máa ń wò wọ́n láti òdìkejì gọ́tà. Mo rò pé ó fẹ́ràn ibẹ̀ ni. Nígbà tí mo béèrè, ó ní kò sí ibi tí kẹ̀kẹ́ òun lè gbà sọdá. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń wo bọ́ọ̀lù láti ibẹ̀.

Wàhálà pápá náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àlejò. Mẹkáníìkì kan ló kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ tún ọkọ̀ kan ṣoṣo ṣe lábẹ́ máńgòrò. Ènìyàn dáadáa ni, a gbà fún un. Kò pẹ́, ọkọ̀ di mẹ́rin, méjì nínú wọn kò sì ní táyà, èyí tó fi hàn pé wọn kò lọ síbì kankan. Òróró dúdú rin koríko, àwọn obìnrin sì ní láti gbé tapólì wọn kúrò. Ẹni kan tó ń kọ́lé da yanrìn àti òkúta sí apá kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó lo oṣù méje. Àwọn onísìn kan fẹ́ ṣe ìsọjí ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n fi òpó onígi sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n má bàa tún gbẹ́ ilẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Sátidé wá di ti kánópì. Ìnáwó kò burú, gbogbo wa ni a ń sìnkú, gbogbo wa ni a ń gbé ìyàwó. Ṣùgbọ́n Sátidé mẹ́rin tẹ̀ léra, àwọn ọmọ kò rí ibi tẹ ẹsẹ̀ sí, ní Sọ́ńdè ni wọ́n sì ń ṣa ike omi àti egungun ẹran kí wọ́n tó lè gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ènìyàn wọ̀nyí ló tọrọ àyè, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn la sì ṣàánú fún. Àánú yẹn, bí mo ṣe ń wò ó lórí ìwé mi, ló fẹ́ gba pápá lọ́wọ́ wa. Ibi tí a bá ti gbà kí ẹnì kan dúró sí láìdá ọjọ́ fún un, ẹlòmíràn kò ní wọ ibẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn kan dé láti inú ẹbí tó ta ilẹ̀, wọ́n ní àwọn baba àwọn kò ta àárín, pé àwọn fẹ́ pín in. Wọ́n rí ọkọ̀ tí kò ní táyà, wọ́n rí yanrìn, wọ́n rí òpó, wọ́n sì rò pé ilẹ̀ tí kò ní ẹni tó ni ín ni. N kò lè bá wọn jà fún èrò yẹn, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí lójú.

Ìwé ló gbà wá. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú, fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà, òfin ètò ìlú ti 1992 sì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nǹkan gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ó tó kọ́ ọ. A lọ gba ẹ̀dà àwòrán àdúgbò wa, èyí tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, a sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú àwọn ẹbí náà. Gbogbo wọn rí i pé àwọn àgbà wọn fúnra wọn ló fọwọ́ sí àyè gbangba yẹn nígbà tí wọ́n ń ta ìyókù, àti pé owó àwọn púlọ́ọ̀tì tó kọjú sí i ga ju ti àwọn tó kù lọ nítorí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó bá wọn wá ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Àwòrán kan náà sì fi ohun mìíràn hàn wá tí kò dùn mọ́ wa. Awọnlẹ̀ tí a pè wọn ilẹ̀ láti òkúta ààlà kan sí èkejì, ó rí i pé ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù kò tó èyí tó wà lórí ìwé. Ògiri mẹ́ta ti jáde sínú pápá, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wọlé tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni àwọn tó ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn wà lára àwọn tó bínú jù sí àwọn ẹbí onílẹ̀.

Bí a ṣe yanjú ọ̀rọ̀ ìlò rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù la ti kọ́ ọ. Nínú mọ́ńkì póòsì, sẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tò, ìyẹn ọ̀wọ́ ẹni márùn-ún tí ń gbá pọ̀. Sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá gbá góòlù méjì wọlé fún ń jáde, èyí tó ń dúró níta a wọlé. Bí àkókò bá lọ tí góòlù kò wọlé, sẹ́ẹ̀tì méjèèjì a jáde. Kò sí rẹfirí, kò sí ìwé òfin, ẹni tó ni bọ́ọ̀lù pàápàá ń jáde bí wọ́n bá na sẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Mo ti rí i tí ọmọ kékeré kan dá ọmọ ńlá méjì dúró pé, “Sẹ́ẹ̀tì yín ti parí, ẹ̀gbọ́n,” wọ́n sì jáde. Mo gbé e wá sí ìpàdé pé kí a ṣe pápá bẹ́ẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní igun kan, kí olúkúlùkù ní àsìkò. Àwọn ayálégbé yan ẹni méjì, àwọn obìnrin tí ń sá nǹkan yan ẹnì kan, àwọn ọ̀dọ́ yan ẹnì kan. Orúkọ ẹgbẹ́ yí padà di ẹgbẹ́ olùgbé.

Ohun tí a fẹnu kò lé lórí kò pọ̀. Òwúrọ̀ jẹ́ ti ìrìn àti ti nǹkan sísá. Ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀, mẹkáníìkì náà sì rí ibì kan gbà lójú ọ̀nà ńlá, níbi tí oníbàárà rẹ̀ tilẹ̀ ti pọ̀ sí i. Kánópì kò gbọdọ̀ ju Sátidé méjì lọ lóṣù, ẹni tó ṣe òde ni yóò gbá ilẹ̀ kí Sọ́ńdè tó mọ́. Ọjọ́rú àti Fráídè, bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ títí di aago márùn-ún ààbọ̀, kí àwọn ọmọbìnrin lè ní àárín pápá, kì í ṣe etí rẹ̀ nìkan. Èyí ló fa àríyànjiyàn jù lọ láàárín àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, àwọn ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọkùnrin sì ń jókòó wò wọ́n títí aago fi lù. A ra páńkò nípọn méjì, a sì da kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ lé gọ́tà lórí fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lo kẹ̀kẹ́. Ọjọ́ kejì ló di ẹni tí ń ka góòlù.

Ní ti kọnkéré gbogbo pápá, ìyá kan tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ gọ́tà ló pa ọ̀rọ̀ náà tì. Ó ní kí a wá sí ilé òun bí òjò bá rọ̀. A lọ. Ní Akúrẹ́, òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, ó ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, ó sì tún ń padà lágbára ní oṣù kẹsàn-án. Oṣù kẹsàn-án la lọ. Omi láti orí òrùlé àti àgbàlá oní-kọnkéré gbogbo òkè ló ń ya wá sínú pápá, koríko ń fà á mu, èyí tó kù sì ń rọra bọ́ sínú gọ́tà. Bó ti rí yẹn náà, omi ti dé àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ kejì. Bí a bá da kọnkéré sí pápá, gbogbo omi yẹn yóò jáde lẹ́ẹ̀kan náà, yàrá rẹ̀ ni yóò sì wọ̀. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ kọnkéré láti ọjọ́ náà. Koríko la ń gbìn sí ibi tí òróró ọkọ̀ ti ba ilẹ̀ jẹ́, ó sì ń lọ́ra láti hù.

Orílẹ̀-èdè àgbáyé fẹnu kò ní 2015 pé kó tó di 2030, gbogbo ènìyàn, pàápàá obìnrin, ọmọdé, arúgbó àti aláàbọ̀ ara, gbọ́dọ̀ ní àyè gbangba tí kò léwu, tí wọ́n sì lè dé. Ní tiwa, òru ṣì ni ìṣòro. Iná sólà méjì tí a fi owó ẹgbẹ́ gbé sókè kò mọ́lẹ̀ dé igun máńgòrò, àwọn obìnrin sì ṣì ń yí òpópónà po láti aago méje. Àwọn ayálégbé dá a lábàá pé kí a gbé ìkẹta sí ibẹ̀, a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó.

Ọ̀rọ̀ ògiri mẹ́ta náà kò tíì tán. Awọnlẹ̀ fi ọ̀dà pupa sàmì sí ibi tí ó yẹ kí ààlà wà. Èyí tó wọlé kéré jù, ẹni tó ni ín ti wó o, ó sì tún un mọ sí ojú àmì, kò sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ dá sí owó rẹ̀. Ẹnì kejì ní òun ń dúró de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹnì kẹta, ẹni tó bínú jù sí àwọn ẹbí onílẹ̀, kò tíì wá sí ìpàdé láti ìgbà náà. Àwọn ọmọ ti ń fi ọ̀dà pupa tó wà nílẹ̀ níwájú ògiri rẹ̀ ṣe ààlà bọ́ọ̀lù wọn.